Ọ̀rọ̀ Dídùn, Òǹkà Tí Kò Pé

Ọ̀pọ̀ olóṣèlú ni a ti sin tí a kò rántí gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó ti ẹnu wọn jáde. Ti Sámúẹ́lì Ládòkè Akíntọ́lá yàtọ̀. Láti oṣù Jánúárì ọdún 1966 tí àwọn ọmọ ogun ti pa á ní Ìbàdàn, ẹnu rẹ̀ kò tíì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí àgbà mẹ́ta péjọ síbi ìkómọjáde tàbí òkú àgbà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìbàdàn, kí ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì bọ́ sílẹ̀ láàrin wọn: kò ní pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi gẹ fìlà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò sì bèèrè bóyá àwọn yòókù ti gbọ́ ohun tí Akíntọ́lá wí ní ọjọ́ báyìí-báyìí. Ẹ̀rín yóò sọ. Ẹni tí àwọn jàǹdùkú Dẹ́mọ lé bàbá rẹ̀ kúrò nílé ní 1965 yóò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Dẹ́mọ tí wọ́n dáná sun ilé bàbá tirẹ̀ náà yóò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yìí ni ó ń kọ mí lóminú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a máa fajú ro nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ òkú. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà méjì péré ni a ní tí a fi ń rántí ọkùnrin yìí. Àwọn kan rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláwàdà tí ọ̀rọ̀ kì í tán nínú rẹ̀. Àwọn kan rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀ tí ó ta ilé baba rẹ̀ fún ará ìta. Ọ̀nà méjèèjì rọrùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í pe aláwàdà lẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í fetí sí àwíjàre ọ̀dàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ agbẹjọ́rò ni Akíntọ́lá. Ó fi àwíjàre kan sílẹ̀ fún wa, tí ó múná, tí ó sì bá ọgbọ́n orí mu. Àwíjàre náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí mo gbà pé òun gan-an ni òṣùwọ̀n tí ó tọ́ jùlọ láti fi wọn ẹni tí ó ni ín.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Júláì ọdún 1910, ṣùgbọ́n Mínà, lókè Ọya, ni ó ti lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ èdè Haúsá àti ti Nupe. Nígbà tí ó padà sílé, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ni ó kàwé sí. Láti 1930 títí di 1942, olùkọ́ ni ní Baptist Academy ní Èkó. Lẹ́yìn èyí ni ó bọ́ sídìí iṣẹ́ ìròyìn. Ó di olóòtú Daily Service, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement, ní 1943. Òun náà ni ó sì dá Ìròyìn Yorùbá sílẹ̀. Ní 1946 ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí yóò fi padà dé ní 1950, ó ti di agbẹjọ́rò. Kò pẹ́ tí òun pẹ̀lú Chris Ògúnbáńjọ àti Michael Ọdẹ́sànyà fi jọ ṣí ọ́fíìsì òfin kan ní Èkó.

Olùkọ́, olóòtú, agbẹjọ́rò: nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ni ọjà tí ó ń tà. Ìdí nìyí tí kò fi yà wá lẹ́nu pé kíá ni ó ga nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òun ni agbani-nímọ̀ràn ẹgbẹ́ náà lórí òfin, lẹ́yìn ikú Bọ̀dé Thomas ní 1953 ni ó sì wá di igbákejì olórí. Ó ṣe mínísítà ní Èkó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù Máàṣì ọdún 1957, òun ni ó gbé àbá kalẹ̀ ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1959. Ilé sì fọwọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọdún náà wọlé. Ní Dìsẹ́ńbà 1959, nígbà tí Awólọ́wọ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ ṣe olórí alátakò ní Èkó, Akíntọ́lá wálé láti wá jẹ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí ó ti ń ṣèlú ní gbàgede orílẹ̀-èdè wá di olóṣèlú ẹkùn, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ó yẹ kí a sọ irú ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ohùn bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ó wálẹ̀, ìtumọ̀ ti yí padà, àpọ́nlé ti di èébú. Àwọn onílù mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Wọ́n lè kí ọlọ́lá kí wọ́n sì bú u lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì tún ná wọn lówó. Akíntọ́lá mú ọgbọ́n onílù yìí wọ pápá ìṣèlú. Yóò mú orúkọ alátakò rẹ̀, yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀, orúkọ tí bàbá fi súre fún ọmọ yóò sì di ẹ̀sùn. Òun fúnra rẹ̀ kò ní bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń gbọ́ ọ ni yóò parí èébú náà nínú ọkàn wọn, tí wọn yóò sì máa yọ̀ pé àwọn gbọ́n. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Akíntọ́lá a máa lu tirẹ̀ kí gbogbo ará ọjà lè rò pé ọ̀mọ̀ràn ni àwọn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn, tí ó kú ní 1958, wà níbí. Adélabú náà lọ́rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gbàràgàdà ni ó fi ń dẹ́rù ba alátakò. Ará Ìbàdàn mú méjì nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, wọ́n lọ̀ ọ́ pọ̀, ó di pẹ́ńkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ohun tí kò yé wọn. Wọ́n fẹ́ràn Akíntọ́lá nítorí ohun tí ó yé wọn yékéyéké.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yìí a máa gé ènìyàn. Nígbà tí ó di 1964, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ̀sùn kan àwọn Ìgbò pé wọ́n ti kó ipò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ, orúkọ àwọn Ìgbò wà lára ohun tí ó fi ń pa àwùjọ lẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣeré kò sí níbẹ̀ láti fèsì; bí ó bá sì wà níbẹ̀, kò gbọ́ èdè náà dé ibi tí yóò fi mọ ohun tí àwùjọ ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ̀fẹ̀ tí ẹni tí a fi ṣe é kò lè dáhùn ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀. Ìdájọ́ ni, tí wọ́n dá lẹ́yìn ẹlẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí àwíjàre tí mo wí. Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Akíntọ́lá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá àwọn tí ń ṣèjọba àpapọ̀ da ọwọ́ pọ̀, kí Ìwọ̀-Oòrùn lè rí ìpín tirẹ̀ gbà; Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ dúró bí alátakò, kí ó sì mú ètò ìjọba àwùjọ tí yóò ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ lọ́kùn-ún-kúndùn. Ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jos ní Fẹ́búárì 1962 ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́ sí gbangba. Ní oṣù Méè, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kọ̀. Àwọn aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Iye yìí ju ìdajì ilé lọ. Gómìnà yọ ọ́, ó sì fi Alhaji D. S. Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀.

Ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà wí pé Gómìnà kò gbọ́dọ̀ yọ Olórí Ìjọba, àfi bí ó bá hàn sí i pé púpọ̀ nínú àwọn aṣòfin kò sí lẹ́yìn onítọ̀hún mọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni gbogbo ilé náà dúró lé: hàn. Báwo ni ó ṣe ń hàn? Ṣé ìwé tí a fọwọ́ sí ní kọ̀rọ̀ tó láti fi í hàn? Akíntọ́lá gba ilé-ẹjọ́ lọ, ohun tí ó sì wí ni pé kò tó. Ibì kan ṣoṣo, àwíjàre rẹ̀ wí, ni ìgbẹ́kẹ̀lé aṣòfin ti lè hàn: nínú ilé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí oníkálukú yóò ti dìde ní gbangba, tí a ó sì kà wọ́n lójú ayé. Òun tilẹ̀ ti ní kí Olórí Ilé pe ìjókòó fún irú ìdìbò bẹ́ẹ̀. Olórí Ilé kò gbà.

Lójú tèmi, àwíjàre yìí dára púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ ènìyàn ní òru, lábẹ́ ìhalẹ̀ tàbí lábẹ́ ìlérí, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àrékérekè lásán. Ó wí pé ìfẹ́ ará ìlú kì í ṣe ohun tí ọlọ́lá kan ń wò nínú digi. Ohun tí a ń kà ní gbangba ni. Ní Júláì 1962, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ gbà pẹ̀lú rẹ̀, adájọ́ kan ṣoṣo ni kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó dé ibẹ̀, ilé ti dàrú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Méè 1962, nígbà tí àwọn aṣòfin péjọ láti ka ara wọn, àwọn alátìlẹ́yìn Akíntọ́lá kò jẹ́ kí òǹkà náà wáyé. Àga fò, ọ̀pá àṣẹ ilé ṣẹ́, ọlọ́pàá fín gáàsì tajútajú. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Ní Jánúárì 1963, wọ́n dá Akíntọ́lá padà sórí àga láìsí pé a ka ẹnikẹ́ni.

Ìdájọ́ kan ṣì kù. Ní oṣù Méè 1963, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ òpin ẹjọ́ nígbà náà, sọ pé Gómìnà kò ṣì í: ohun yòówù tí ó bá gbà pé ó fi òtítọ́ hàn, ó lè lò ó. Kí ni Akíntọ́lá ṣe? Kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ rẹ̀ tún ìwé òfin kọ, wọ́n sì mú kí àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀ láti Òkútóbà 1960, kí ó lè dà bí ẹni pé Gómìnà kò ní agbára náà rí. Agbẹjọ́rò tí ó ti lọ sílé-ẹjọ́ láti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan wá lọ gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé nígbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Láti ọjọ́ yìí lọ ni mo rí i pé ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ dépò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọ̀rọ̀. Ní 1964, Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde, níbi tí igbákejì ọba kan ti fi ọba rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Eré náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n kan náà ni Ògúndé lò tí Akíntọ́lá ti lò ní ìgbà àìmọye: ó pa òwe, ó sì jẹ́ kí olùgbọ́ parí rẹ̀. Ìdáhùn ìjọba Akíntọ́lá ni láti fi òfin lé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé kúrò ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ó bá jẹ́ Akíntọ́lá ti 1950 ni, mo gbà pé ìbá gun orí pèpéle ní ọjọ́ kejì, ìbá yí orúkọ Ògúndé sí ọ̀nà méje, àwùjọ ìbá sì rẹ́rìn-ín pa ara wọn. Òfin náà fi hàn pé ẹ̀fẹ̀ ti tán. Ọdún 1966, lábẹ́ ìjọba ológun ti Adékúnlé Fájuyì, ni wọ́n tó tú Ògúndé sílẹ̀.

Ọdún 1964 yìí kan náà ni ó da ẹgbẹ́ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn kan nínú NCNC, wọ́n sì pè é ní NNDP, Dẹ́mọ lẹ́nu ará ìlú. Ọdún náà ni Aláàfin fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ìkẹtàlá irú rẹ̀, oyè tí ẹnikẹ́ni kò jẹ láti ìgbà Látóòsà ti Ìbàdàn tí ó kú ní 1885. Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ti jẹ ẹ́ rí, nítorí náà oyè náà kò ṣàjèjì sí ìlú rẹ̀. Síbẹ̀ oyè ogun ni. Àfọ̀njá jẹ ẹ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí Aláàfin. Kúrunmí jẹ ẹ́, ogun Ìjàyè sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé ọkùnrin tí agbára rẹ̀ wà lẹ́nu tọrọ oyè ẹni tí agbára rẹ̀ wà lápó ọfà. Àwọn àgbà ní ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìgbà tí obì tán lápò Akíntọ́lá ni apó wá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdìbò 11 Òkútóbà 1965 dé. Àǹfààní tí Akíntọ́lá ti bèèrè fún ní ilé-ẹjọ́ nìyí: kì í ṣe àwọn aṣòfin nìkan ni a ó kà, gbogbo ẹkùn ni. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìdìbò tó pé ni wọ́n ti kéde pé àwọn ọmọ Dẹ́mọ kan wọlé láìsí alátakò, nítorí pé a kò rí òṣìṣẹ́ ìdìbò tí yóò gba ìwé lọ́wọ́ alátakò. Iye tí wọ́n kà ní ibùdó ìdìbò yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kà lórí rédíò. Adégbẹ́nró, ẹni ọdún 1962, tún dìde, ó kéde pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ó borí. Ọlọ́pàá mú un. Ní ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ẹnìkan wọlé pẹ̀lú ìbọn, ó sì fi téèpù mìíràn rọ́pò èyí tí Akíntọ́lá fi kéde ìṣẹ́gun rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká jẹ́jọ́ nítorí rẹ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti yí: ẹni tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ń sáré lọ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni wọ́n wá ń fi ìbọn dá ohùn rẹ̀ dúró.

Àwọn tí a kò kà náà fèsì. Wọn kò ní ilé-ẹjọ́ mọ́, wọn kò ní Ògúndé, wọn kò ní rédíò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wẹ́tìẹ̀, tí wọ́n gé láti ara Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí pé kí a rẹ nǹkan nínú omi. Bẹntiróòlù ni omi náà. Wọ́n fi í wẹ ilé, wọ́n fi í wẹ mọ́tò, wọ́n fi í wẹ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí náà jẹ́ ẹ̀fẹ̀, ọ̀nà tí Akíntọ́lá fi ń ṣe tirẹ̀ ni wọ́n sì gbà ṣe é: mú ọ̀rọ̀ àjèjì, yí i padà, kí ẹni tí ó kàn máa gbọ̀n. Ẹ̀fẹ̀ tí ó burú jùlọ tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe rí nìyí, mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa tún un sọ níbi ìkómọjáde. Ní ọjọ́ 15 Jánúárì 1966, àwọn ọmọ ogun wá bá Akíntọ́lá nílé ìjọba tí ó ń gbé ní Ìbàdàn. Ó yìnbọn sí wọn kí wọ́n tó pa á.

Mo mọ ohun tí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ yóò wí. Wọn yóò ní kì í ṣe òun nìkan ni ó da ilé rú, òótọ́ ni. Ìjọba àpapọ̀ rí àǹfààní tirẹ̀ nínú ìjà náà, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ náà sì ti sá fún òǹkà gbangba kí Akíntọ́lá tó sá fún un. Wọn yóò ní lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi òfin dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí ní 1962. Òótọ́ ni èyí náà, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní ojú. Wọn yóò ní ìmọ̀ràn tí ó mú wá pé kí Yorùbá má dá dúró nínú ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ìmọ̀ràn òmùgọ̀. Mo gba gbogbo rẹ̀. Nítorí pé mo gbà á ni n kò ṣe pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án kéré ju ìyẹn lọ, ó sì wúwo jù ú lọ. Ní 1962, ó sọ ohun tí ó tọ́ nípa bí ìfẹ́ àwọn ènìyàn ṣe ń hàn. Ní 1965, ó ní ọlọ́pàá, ó ní rédíò, ó ní òṣìṣẹ́ ìdìbò, kò sì jẹ́ kí ó hàn. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìgbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà láé pé ẹni tí ń gbọ́ náà ní ẹnu. Àwa tí a jókòó síbi ìkómọjáde ni a sì ń bá a ṣe é lọ: a ti sọ ọ́ di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí a kì í fèsì fún, tí iṣẹ́ wa kò ju pé kí a rẹ́rìn-ín lọ.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún gẹ fìlà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó bèèrè bóyá a ti gbọ́ ohun tí Akíntọ́lá wí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ, kí a sì rẹ́rìn-ín bí ó bá pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ọdún wo ni ó sọ ọ́, ta ni ó fi ṣe é, kí ni onítọ̀hún sì fi dá a lóhùn?